Oòrùn Kọ́ Ló Ni Okùn Tẹlifóònù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí Mísítà Prouty, ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́, ti sọ tiẹ̀ káàkiri ìlú, tiẹ̀ sì ni pé orí mi dàrú lọ́jọ́ náà. Orí mi ò dàrú. Orí mi pé ju tiẹ̀ lọ. Ohun tí mo ṣe, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni, tí wọ́n bá sì dá ọjọ́ náà padà fún mi lónìí, màá tún un ṣe, àfi pé màá ti ilẹ̀kùn kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni Ardis Tjaden. Ọdún pípẹ́ ni mo fi jókòó sídìí pátákó tẹlifóònù ìlú wa, nínú yàrá òkè tó wà lórí báńkì. Tí o bá wà lóko, tí o yí ọwọ́ fóònù rẹ, ewé irin kékeré kan á já wálẹ̀ lójú pátákó mi, màá ki okùn bọ ojú ihò rẹ, màá sì bi ọ́ pé ta lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Ardis mọ́. "Sẹ́ńtírà", ìyẹn ojúkò tẹlifóònù, ni gbogbo wọn ń pè mí. "Sẹ́ńtírà, ṣé dókítà wà nílé?" "Sẹ́ńtírà, ṣé yìnyín máa já lọ́la?" Àfi bí ẹni pé èmi ni mo ń pín yìnyín.

Harm ni ọkọ mi. Nígbà ìkórè tó kọjá, pòròpórò há sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ká àgbàdo, Harm ò pa ẹ̀rọ, ó ní kí òun fi ẹsẹ̀ tì í wọlé. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Gbogbo àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Iowa wa ló mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń ṣe é, torí wọ́n ní kí á pa ẹ̀rọ kí á tún un tàn, ìfàkókòṣòfò ni. Ẹ̀rọ náà gba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ títí dé orúnkún. Látìgbà tí wọ́n ti gbé e dé láti ilé ìwòsàn ló ti dùbúlẹ̀ sí yàrá iwájú, tó kọjú sí ògiri. Dókítà ní kó dìde, kò dìde. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó ní kó dìde, kò dìde. Èmi náà ní kó dìde, mo sì fi èébú díẹ̀ kún un, torí pé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá rẹ́rìn-ín lóko, aládùúgbò á gbọ́, ó wá di ẹni tí mi ò gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀ lọ́sẹ̀. Ó dùn mí dé egungun. Inú sì tún ń bí mi sí i.

Ohun kan ṣoṣo ló béèrè lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ Lavonne.

Lavonne lọmọ wa. Ó wà nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé wa. Níbi tiwa, eré àwọn ọkùnrin ò já mọ́ nǹkan kan. Ti àwọn ọmọbìnrin ni gbogbo ìlú ń sáré lọ wò. Mẹ́fà ni wọ́n: àwọn mẹ́ta tó ń ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀ wà lápá kan, àwọn mẹ́ta tó ń dènà wà lápá kejì, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ kọjá ìlà àárín. Ajùbọ́ọ̀lù ni Lavonne. Harm ló kọ́ ọ látìgbà tí bọ́ọ̀lù náà ti tóbi ju àyà rẹ̀ lọ. Kí ẹ̀rọ tó mú un lẹ́sẹ̀, ìjókòó iwájú ni tirẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, kò sì sí adájọ́ tí kò bú rí.

Ẹ máa ní ṣebí rédíò wà. Bẹ́ẹ̀ ni, rédíò wà. Olú ìlú káńtì wa, ìyẹn àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan tó ń sọ iye tí wọ́n ń ra ẹlẹ́dẹ̀ láàárọ̀, tó ń ka orúkọ àwọn tó kú lọ́sàn-án, tó sì ń lu orin pólíkà tí kò bá rí nǹkan sọ. Ṣùgbọ́n alẹ́ làwọn ọmọ máa ń ṣeré bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn táwọn bàbá wọn bá ti fún wàrà màlúù tán, rédíò yẹn sì gbọ́dọ̀ panu mọ́ tí oòrùn bá ti wọ̀. Bí ìjọba ṣe kọ ọ́ sínú ìwé wọn nìyẹn.

Weert Dirks lọmọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ eré ìdárayá lórí rédíò náà. Lọ́jọ́ kan tó wá yẹ okùn tẹlifóònù tó fi ń sọ̀rọ̀ eré wò lọ́dọ̀ mi, mo dá a dúró.

"Weert, kí ló kan oòrùn nínú ọ̀rọ̀ rédíò? Ṣé oòrùn ló ń san owó iná yín ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Sẹ́ńtírà. Ẹ wò ó. Lójú ọ̀sán, ìtànṣán oòrùn máa ń ṣe nǹkan kan sí ojú sánmà lókè lọ́hùn-ún, tó fi jẹ́ pé ohùn wa tó bá gòkè, ibẹ̀ ló ń kú sí. Èyí tó ń rìn nílẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ yín. Tí oòrùn bá ti wọ̀, sánmà ò gbé e mì mọ́. Ṣe ló ń ta á padà sílẹ̀, ohùn wa á wá lọ já bọ́ sí ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ò lè fi odindi ọjọ́ kan dé."

"Ó dáa náà. Kí wọ́n gbọ́ wa níbẹ̀. Ṣé ìyẹn burú ni?"

"Ó burú o. Ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan wà ní gúúsù lọ́hùn-ún, ojú ibi tí wọ́n wà lórí rédíò gan-an làwa náà wà. Tí ohùn wa bá bọ́ sórí tiwọn lálẹ́, àwọn èèyàn wọn á máa gbọ́ iye ẹlẹ́dẹ̀ wa láàárín orin. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ní kí kékeré yà fún ńlá lójú ọ̀nà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Wọ́n ní kí àwọn kan dín agbára wọn kù. Tiwa, wọ́n ní ká pa á pátápátá."

"Kí kékeré yà fún ńlá lójú ọ̀nà," ni mo wí. "O tiẹ̀ lẹ́nu tí o fi ń sọ ọ́."

"Sẹ́ńtírà, èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

"Mo mọ̀. Ẹni tó ṣe é ò jẹ́ dán an wò kó wá síbí."

Mi ò sọ pé òfin náà ò nídìí o. Ẹni tó wà ní gúúsù náà ní ọkọ tó fẹ́ gbọ́ rédíò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ tèmi ló wà nílẹ̀ nílé mi.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa dé àṣekágbá ìdíje àgbègbè, tí wọ́n sì ní gbọ̀ngàn ilé ìwé wa ni wọ́n ti máa ṣe é, ní alẹ́ Sátidé, Mísítà Ubben, ọ̀gá ilé ìwé, pè mí lórí fóònù.

"Ardis, ọmọ rẹ ti kó àwọn ọmọ yòókù jókòó sílẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣeré lálẹ́."

"Kí ni wọ́n wá ní àwọn fẹ́, sà?"

"Wọ́n ní ọ̀sán ni, kí rédíò lè gbé e kí bàbá rẹ̀ sì gbọ́. Wọ́n ní tí mi ò bá gbà, kí n wọ ṣòkòtò péńpé kí èmi fúnra mi bọ́ sójú pápá."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ yín náà ò kúkú burú, sà."

"Ardis!"

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọ mi ni. Kò sí nǹkan tí mo lè ṣe sí i."

Irọ́ ni. Nǹkan wà tí mo lè ṣe, mi ò kàn ní ṣe é ni. Àwọn ọmọ náà jókòó sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n tún jókòó lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, Mísítà Ubben gbà. Ó ní aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, Lavonne dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú nínú aṣọ eré rẹ̀. "Dádì, ẹ tan rédíò o."

Harm ò yíjú kúrò lára ògiri. "Màá tan án," ló wí.

Mi ò lè dúró ti Harm nílé. Ọmọbìnrin tó máa ń dì í mú fún mi lẹ́nu iṣẹ́ ti lọ wo eré, gbogbo ìlú ti lọ wo eré, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà nídìí pátákó. Gesina Folkerts, aládùúgbò wa, ló gbé ọbẹ̀ gbígbóná lọ fún un lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Gesina fún yín. Ilé mẹ́sàn-án lóko wa ló jọ ń lo okùn tẹlifóònù kan. Tí wọ́n bá pe ilé kan, gbogbo ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni agogo ń dún. Bí agogo ṣe dún ló máa sọ ẹni tí wọ́n ń pè. Tiwa ni gígùn méjì, kúkúrú kan. Ẹni tí wọn ò pè, kó jókòó jẹ́ẹ́. Gesina ò jókòó jẹ́ẹ́ rí láyé rẹ̀. Èmi máa ń dá èémí rẹ̀ mọ̀ lórí okùn. Ohun tí dókítà sọ fún mi nípa ẹsẹ̀ Harm, Gesina ti gbọ́ ọ, ó ti pín in fún gbogbo ilé kí èmi tó délé. Látìgbà náà, mi ò kí i. Ó ń gbé ọbẹ̀ wá, mo ń fọ ìkòkò, mò ń dá a padà, ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu mi.

Aago mẹ́ta lù, kò sí eré. Bọ́ọ̀sì àwọn àlejò ti rì sínú yìnyín lójú ọ̀nà, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì yọ ọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ojú fèrèsé, mò ń wo oòrùn. Aago mẹ́rin lù. Tí bọ́ọ̀sì náà bá dé báyìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ báyìí, wọn ò lè parí kí rédíò tó kú.

Ẹ gbọ́ bí ohùn Weert ṣe ń rìn. Láti gbọ̀ngàn, orí okùn tẹlifóònù ló ń gbà, okùn yẹn á gba ojú pátákó mi kọjá, kó tó lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, kó tó wá di ohun tó ń fò lókè. Fífò lókè ni oòrùn ń dá dúró. Okùn, wáyà ni. Oòrùn ò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Mísítà Prouty, ọ̀gá tẹlifóònù, nínú ọ́fíìsì rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Mísítà Prouty, tí rédíò bá pa, mo fẹ́ so okùn gbọ̀ngàn mọ́ okùn ilé mi. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré."

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ilé iṣẹ́ rédíò ló yá okùn yẹn. Kò sẹ́lòmíì tó gbọ́dọ̀ lò ó."

"Wọn ò ní máa lò ó nígbà yẹn. Wọ́n á ti pa."

"Tí mo bá ṣe é fún ọ, màá ṣe é fún gbogbo ìlú. Òfin ilé iṣẹ́ ni, Ardis. O fọwọ́ kàn án, o fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn."

"Ọkọ mi ni, sà."

"Mo bá ọ kẹ́dùn nípa ọkọ rẹ. Padà sókè, ewé irin ń já."

Mo padà sókè. Mi ò sọ fún un pé mo ti gbọ́, mi ò sì sọ pé mi ò gbọ́.

Bọ́ọ̀sì dé. Eré bẹ̀rẹ̀. Mo gbé rédíò kékeré mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, mo sì mọ̀ pé Harm náà ti tan tiẹ̀. Ohùn Weert ń fò sókè sódò. Lavonne jù ú, ó wọlé. Àwọn àlejò jù ú, ó wọlé. Lavonne tún jù ú. Kò sẹ́ni tó fi ju ẹyọ mélòó kan lọ ṣíwájú ẹnì kejì. Mo gbàgbé tíì mi títí ó fi tutù, bẹ́ẹ̀ èmi kì í jẹ́ kí tíì tutù.

Eré ti ń lọ sópin nígbà tí Weert sọ pé, "Ẹ̀yin ará, àwọn àlejò fi méjì ṣíwájú, kóòṣì wọn ti ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, ó sì dùn mí láti sọ fún yín pé aago márùn-ún ààbọ̀ ti lù. A ní láti..." Bó ṣe dákẹ́ nìyẹn. Shhhhh ni rédíò ń ṣe.

Mo wo ojú fèrèsé. Oòrùn ṣì wà lókè! Ó jókòó sórí ilé ìkó-ọkà, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó ń wò mí. Àṣé ìjọba ti kọ aago kan ṣoṣo fún gbogbo oṣù kejì ọdún, ì báà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ì báà jẹ́ ìparí tí oòrùn ti ń pẹ́ wọ̀. Wọ́n ní ó ti wọ̀, ó ti wọ̀ nìyẹn. Mo rí Harm níbi tó dùbúlẹ̀ sí, tí rédíò ń ṣe shhh sí i létí, tó tún kọjú sí ògiri. Mo ní, lónìí kọ́. Ẹ fi oòrùn tó ṣì wà lójú ọ̀run pa ẹnu ọmọ mi mọ́? Ẹ ò tó bẹ́ẹ̀.

Mo ki okùn bọ ihò gbọ̀ngàn. "Weert! Máa sọ̀rọ̀ lọ."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Rédíò ló kú, okùn ò kú. Máa sọ̀rọ̀ lọ."

"Ta ló ń gbọ́?"

"Harm ni."

"Sẹ́ńtírà, wọ́n á lé yín lẹ́nu iṣẹ́ o."

"Ìyẹn kàn mí. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ."

Ọmọ dáadáa ni Weert. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo Iowa ló ń gbọ́ ọ. Mo ki orí kejì okùn náà bọ ojú ihò okùn oko wa, mo sì tẹ agogo ilé mi: gígùn méjì, kúkúrú kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ara ògiri kíṣìnì ni fóònù wa wà. Mo mọ̀ pé yàrá iwájú ni Harm wà, pé kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ látìgbà ìkórè. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Èébú ni mò ń fi agogo náà bú u.

Ṣaa! Ṣaa! Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù nílé kan lẹ́yìn òmíràn. Gbogbo wọn náà ni rédíò kú mọ́ lọ́wọ́, wọ́n ti gbọ́ ohùn Weert.

"Sẹ́ńtírà!" Gesina nìyẹn. "Ọlọ́run mi, Weert ni mò ń gbọ́ yìí! Ṣùgbọ́n ilé yín lẹ ń pè. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé Harm ò lè dìde ni?"

"Gesina, ta ló pè ọ́ sí i?"

"Agogo ń dún nílé mi."

"Agogo mi ló ń dún."

"Ṣé kí n sáré lọ gbé e fún un?"

"Nínú yìnyín yìí? Kí o tó débẹ̀, wọ́n á ti pa iná gbọ̀ngàn."

"Mélòó ni wọ́n jẹ?" Bàbá Eilert Boomgaarden ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ìpẹ̀kun okùn. Bàbá náà ò gbọ́rọ̀ dáadáa, ohun tí kò bá sì gbọ́, ó ń rò pé àwa náà ò gbọ́ ni.

Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn mi. Mísítà Prouty wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ardis! Wọ́n ń pariwo eré lórí okùn. Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Ẹ sọ pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti gbọ́, sà. Ẹ jókòó."

"Yọ okùn yẹn!"

"N ò yọ ọ́."

Ó nawọ́. Mo dìde dúró láàárín òun àti pátákó. Èmi kì í ṣe obìnrin kékeré, ọwọ́ mi sì ti gbé agolo wàrà láti kékeré. "Ẹ fọwọ́ kan okùn yìí kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀," ni mo wí. Mi ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ o. Òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Mo tún tẹ agogo. Gígùn méjì, kúkúrú kan.

Nígbà náà ni fóònù kan gbéra, mo gbọ́ ariwo nǹkan tó ṣubú, ariwo àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Èémí kan ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹni tó ń mí náà wá ṣépè kan tí mi ò ní tún sọ níwájú ọmọlúàbí.

"Ardis," ni Harm wí. "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?"

Omi lé sí mi lójú, mi ò jẹ́ kó dé ohùn mi. "Gbé e sétí. Weert ń sọ ọ́. Ṣé ò ń gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń ṣe fẹ́nfẹ́n bí ẹ̀fọn."

Mo mọ ohun tó fà á. Lórí okùn àjọlò, gbogbo ẹni tó bá gbé fóònù rẹ̀ sétí ló ń bù nínú ohùn. Tí ẹni méjì bá ń gbọ́, ó dáa. Tí ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá ń gbọ́, kò sẹ́ni tí yóò rí nǹkan gidi gbọ́. Èmi lè fa okùn ìlú tu, ṣùgbọ́n tàwọn yìí, okùn kan náà ni wọ́n jọ wà pẹ̀lú Harm. Mi ò lè gé wọn kúrò.

"Ẹ gbọ́ o," ni mo wí. "Gbogbo yín, ẹ gbé fóònù yín kọ́. Harm ti dé orí fóònù, kò gbọ́ nǹkan kan."

Kò sẹ́ni tó mira. Ọdún mélòó ni mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn yìí pé kí wọ́n gbé fóònù kọ́? Wọn ò gbé e kọ́ rí. Weert ń sọ lọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́: àkókò ti pé, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbá Lavonne lọ́wọ́ kó tó pé, wọ́n ti fún un ní jíjù ọ̀fẹ́ méjì, ẹyọ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì la fi wà lẹ́yìn. Tí méjèèjì bá wọlé, a dọ́gba, eré ṣì ń lọ. Ta ló máa gbé fóònù kọ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Èmi gan-an ò ní gbé e kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí bóyá ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi rí.

"Ẹ̀yin aláìnítìjú, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Gesina ló fi igbe ta bẹ́ẹ̀. "Ọkùnrin náà wọ́ ara rẹ̀ dé kíṣìnì! Eilert, gbé e kọ́! Ẹ gbé e kọ́, gbogbo yín, mo mọ èémí yín lọ́kọ̀ọ̀kan!" Ó wá rọ ohùn rẹ̀. "Ardis, ó dìde o." Kàà. Gesina ti lọ. Gesina, tí kò fi ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìgbọ́ òpin rẹ̀ rí.

Kàà. Kàà. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Eilert béèrè pé kí ni wọ́n sọ, ìyàwó rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kàà. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ohùn Weert ń mókè.

"Ó dáa díẹ̀," ni Harm wí. "Ó kù díẹ̀ kó já geere."

Ẹni kan ṣoṣo ló kù tó ń bù nínú ohùn náà. Èmi ni.

Ọmọ mi dúró lójú ìlà lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni parọ́ fún yín pé ìyá lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Harm, ìwọ nìkan ló kù báyìí," ni mo wí, mo sì ti ojú okùn tí èmi fi ń gbọ́ pa, tiẹ̀ ṣì ń lọ.

Mísítà Prouty ń wò mí. Ewé irin ń já lójú pátákó, gbogbo ìlú ló ń pè. Mo jẹ́ kí wọ́n máa já.

"Ṣé ó ti jù ú?" ni Mísítà Prouty wí nígbà tó yá.

"Mi ò mọ̀."

"Ṣí i díẹ̀ ká gbọ́."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ ọ́ ṣáájú."

"Ardis, jọ̀ọ́."

"N ò ṣí i. Tirẹ̀ ni."

Ó jókòó sórí àga tí mo ti ní kó jókòó sí ṣáájú, ó bọ́ fìlà rẹ̀. A jọ jókòó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ara mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́, ewé irin okùn oko wa já wálẹ̀. Mo ṣí i.

"Ó sọ èkejì nù," ni Harm wí.

"Áà."

"Àkọ́kọ́ wọlé. Èkejì, Weert ní etí òsì apẹ̀rẹ̀ ló gbá. Ẹyọ kan ni wọ́n fi nà wá. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ni, Ardis! Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tún ti yà síta. Kí ni kóòṣì yẹn ń kọ́ wọn láti ìgbà ìkórè? Ṣé ṣe ló ń sùn ni? Èmi ò ní fi ọmọ mi sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́. Sọ fún un kó má sunkún. Sọ fún un pé lọ́la, tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde. Màá jókòó síta, màá wo ìgbọ̀nwọ́ yẹn. Ẹ bá mi wá nǹkan tí màá fi tilẹ̀. Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ," ni mo wí. Omi ojú mi ti ń já bọ́ sórí àwọn okùn, mi ò sì bìkítà. "Harm, ibo lo wà?"

"Mo wà nílẹ̀ kíṣìnì. Níbo lo rò pé mo wà? Ilẹ̀ yìí dọ̀tí o. Wá sílé."

Mo ti ojú okùn pa. Mísítà Prouty ti dìde, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo pátákó tí gbogbo ewé irin rẹ̀ ti já tán, ó wo èmi náà. Ó ní òun ò ní rí ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ náà kó tó di ọjọ́ Ajé, pé bóyá tí mo bá bẹ̀bẹ̀, òun á gbójú fò ó.

Mo yọ ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́rọ̀ kúrò létí, mo fi lé e lọ́wọ́, mo gbé kóòtù mi wọ̀. "Ẹ wá ẹlòmíì, sà," ni mo wí. "Ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan ò lè máa sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù nínú yìnyín. Èmi ni màá máa he é fún òun àti ọmọ rẹ̀."